Ọ̀gá Tó Ń Fi Imú Wọn Ṣúgà

Òórùn ṣúgà jíjó ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Yopougon, ní ìlú Abidjan, kí ojú tó rí ilé kankan. Bí gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré tí a wọ̀, bá ti kúrò lójú títì, tó ń gbọ̀n jìgìjìgì lọ láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, àwọn èrò tí kì í ṣe ará ibẹ̀ á fi etí aṣọ bo imú. Òórùn náà kì í ṣe òórùn burúkú. Ó dà bí ìgbà tí ṣúgà bá jó mọ́ ìdí ìkòkò lẹ́yìn tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ilẹ̀ ṣì ń mí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi, inú mi á kọ́kọ́ dùn, bí ẹni pé mo fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́ tí ẹnì kan sì ń dúró dè mí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wá rántí pé ẹni náà kò sí mọ́.

Ilé iṣẹ́ ìwúkàrà ni. O mọ bí àwa ará Abidjan ṣe ń jẹ búrẹ́dì: àárọ̀ búrẹ́dì, ọ̀sán búrẹ́dì, kódà ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ̀wà, inú búrẹ́dì ni yóò kó o sí. Ohun tó ń mú kí ìyẹ̀fun rẹ̀ wú, ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Mo dé ibẹ̀ ṣáájú kí ogun tó pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì. Mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ilé, ní Naijiria, níbi tí mo ti kọ́ nípa oúnjẹ àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tó ń gbé inú rẹ̀, iṣẹ́ kò sì sí. Àbúrò bàbá mi tó ń tún fìríìjì ṣe ní Koumassi Remblais ló ní kí n máa bọ̀, pé ìlú náà gba àlejò. Yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ń sùn, láàárín àwọn fìríìjì tí kò lẹ́mìí mọ́, mo sì ń kọ́ Faransé lẹ́nu rédíò.

Ọkùnrin tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni olórí ibi tí a ti ń tọ́ ìwúkàrà dàgbà. "Vieux père" ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, bí àwọn ọmọ Abidjan ṣe máa ń pe àgbà tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun rẹ̀ kò tíì funfun. Marcory, àdúgbò kan ní Abidjan, ni wọ́n bí i sí. Ilẹ̀ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá láyé àtijọ́, àwọn méjèèjì sì ti kú. Òun fúnra rẹ̀ kò dé Naijiria rí. Nígbà tó ka orúkọ mi, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Mo ń gbọ́ Yorùbá, mais ẹnu mi wúwo."

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fò dìde, ó na ọwọ́ sí mi, ó rò pé ṣe ni mo fẹ́ ṣubú.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù nígbà náà ni pé "ẹ" ló ń pè mí, èmi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí lọ́mọ. "Ẹ" ló ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú, àti ajá tó máa ń sùn lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, 'o' ni kí ẹ máa pè mí, mo kéré sí yín." "Màmá mi nìkan ni mo bá sọ Yorùbá dàgbà," ó ní. "Wọn ò kọ́ mi ní èkejì." Láti ọjọ́ náà, mi ò tún bá a wí mọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ nìkan ló fi èdè bá sọ̀rọ̀ dàgbà, níbo ni yóò ti kọ́ bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ ọ́?

Ohun tí mo ti kà nínú ìwé, ọ̀gá mi ló jẹ́ kí n rí i láàyè. Ẹ̀yà olú ni ìwúkàrà, ìbátan olú tí à ń já nínú igbó, àmọ́ ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Inú ìgò kékeré la ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Á ti inú ìgò bọ́ sínú korobá, á ti inú korobá bọ́ sínú táǹkì, títí yóò fi dé inú táǹkì ńlá tó ga ju ilé alájà kan lọ. Oúnjẹ rẹ̀ ni mẹlásì, omi dúdú tó ki bí oyin, tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà lára ìrèké. Ṣúgà ṣì pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa, gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà sì wà nínú bí a ó ṣe máa fi ṣúgà yẹn bọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni ń fi ṣíbí fún ọmọ ọwọ́ lẹ́kọ, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ láti ìsàlẹ̀ táǹkì láìdúró. Bí ṣúgà bá wà níwọ̀n, ìwúkàrà á jẹ ẹ́ tán, á máa pọ̀ sí i, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí táǹkì á fi kún. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, o lè fẹ́ gbogbo afẹ́fẹ́ ayé sí i, kò ní pọ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ọtí ni yóò máa fi ṣúgà náà ṣe. Bí ó bá sì kéré jù, ebi á pa á, kò ní lágbára, búrẹ́dì tí wọ́n bá fi ṣe á sì balẹ̀ pẹlẹbẹ.

"Olú yìí," ọ̀gá mi á máa wí, "bó bá yó jù, kò ní bímọ mọ́. Á di ọ̀mùtí."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Òun kò rẹ́rìn-ín. Òfo ni ọtí nínú táǹkì wa: ṣúgà ti lọ, ìwúkàrà kò pọ̀, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì sì ń dúró.

Ẹ̀rọ kan wà lórí táǹkì ńlá tó máa ń yẹ èémí tó ń jáde níbẹ̀ wò. Bí ọtí bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iná pupa á tàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ogun ti pín orílẹ̀-èdè sí méjì, nǹkan yí padà. Mẹlásì tó ń ti àríwá wá kò rí ọ̀nà gbà mọ́, a wá ń ra èyí tí a bá rí. Ọkọ̀ kan á gbé èyí tó ki wá, tó kún fún ṣúgà; èyí tó tẹ̀lé e á gbé èyí tó ń ṣàn bí omi. Ìwọ̀n tí a lò lánàá kò wúlò lónìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dójú ẹ̀ láàárín àwọn ará ìlú àti àwọn Faransé, òyìnbó tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, a ò sì fojú kàn án mọ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi kú. A ní kí wọ́n fi ẹ̀yà tuntun ránṣẹ́ láti òkè òkun. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Àwọn ará láàbù wa lè wọn ṣúgà, wọ́n sì lè wọn ọtí, ṣùgbọ́n kí èsì tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, táǹkì á ti mutí yó.

Bí imú ọ̀gá mi ṣe rọ́pò ẹ̀rọ nìyẹn. Á gun àtẹ̀gùn irin lọ sókè, á dúró ti páìpù kékeré tí èémí táǹkì ń gbà jáde, á pajú dé, á fà á símú jẹ́jẹ́. "Baisse," á wí fún mi, ìyẹn ni kí n dín ṣúgà kù. Tàbí "Monte," kí n fi kún un. Èsì láàbù á dé lẹ́yìn náà, á sì bá ohun tó sọ mu. Ó kọ́ èmi náà. Táǹkì tó dára máa ń rùn bí ìyẹ̀fun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, tí olú tútù díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ṣúgà bá ti fẹ́ pọ̀ jù, wàá gbọ́ bí òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pẹ́ lójú oòrùn. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, kò rí orúkọ fún un, ní Faransé tàbí ní Yorùbá. Lọ́jọ́ kan ló bi mí pé kí ni màmá òun máa ń pe ọtí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ṣe. Mo ní, "Àgàdágídí." Ó pajú dé, ó tún un pè, ó wá bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó rí ohun tó ti sọ nù tipẹ́. Láti ìgbà náà, bí táǹkì bá ti fẹ́ di ọtí, "Àgàdágídí!" ló máa ń kígbe láti òkè, gbogbo òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀yà Baulé, Bẹtẹ tàbí Jùlá, á máa sáré sókè sódò, wọ́n á máa dá a lóhùn pé, "Àgàdágídí! Àgàdágídí!" láìmọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti di ará ilé wọn ní Marcory. Ìyàwó rẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Kétu, ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́. Tàntí, ìyẹn àǹtí, ni mò ń pè é. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn, ọ̀gá mi á sì máa fi Yorùbá rẹ̀ tó wúwo bi mí ní orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe, òjò ti rọ̀ ní ìdájí, gbogbo irin ilé iṣẹ́ sì tutù. Mo gbé ìgò tí a fi ń bu omi táǹkì lọ́wọ́, mò ń gun àtẹ̀gùn lọ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò tíì dé ìdajì tí òórùn náà fi kọ lù mí. Ọtí ni, ọtí gidi, ó ta mí nímú bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sóòrùn. Mo gbójú sókè. Ọ̀gá mi kọ ẹ̀yìn sí mi, ó tẹrí ba sí ẹnu páìpù, ó ń fà á símú bó ṣe máa ń ṣe.

"Ó dáa," ó ní, láìwẹ̀yìn. "Monte."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́."

Ó tún tẹrí ba. Mo rí bí èjìká rẹ̀ ṣe lọ sókè tó sì wálẹ̀. Nígbà tó yíjú padà tó rí ojú mi, ara rẹ̀ kú sójú kan. "Baisse," ó ní kíákíá. "Baisse ni mo fẹ́ sọ." Ó kọjá lára mi, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Mo dín ṣúgà náà kù, a sì rí táǹkì yẹn gbà padà. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀fìnkìn ni, àsìkò òjò ni. Ṣùgbọ́n ojú tó bá ti rí nǹkan kì í lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹja tí obìnrin tó ń ta atiéké, ẹ̀gẹ́ rírìn tí wọ́n fi ooru sè, lẹ́nu géètì bù fún wa ti bàjẹ́. Kí a tó ṣí i tán ni gbogbo wa ti ti àwo kúrò níwájú. Ọ̀gá mi nìkan ló ń jẹ lọ. Ó jẹ tó ìdajì kó tó ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń jẹ mọ́, ó wá rọra gbé tirẹ̀ náà sílẹ̀, ó ní òun ti yó. Kò sí ohun tó dùn mí tó bó ṣe nu ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó wà nílé onílé.

Kò pẹ́ sí i ni ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní Remblais. Kò wá síbẹ̀ rí. Ó jókòó sórí àga kékeré láàárín àwọn fìríìjì àbúrò bàbá mi, ó gbé báàgì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé itan.

"Mo ti ibi iṣẹ́ dé lánàá," ó ní, "láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ òórùn gáàsì. Ẹnu ìgò gáàsì ṣí sílẹ̀. Òun jókòó sí pálọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í mu sìgá." Ó tẹjú mọ́ mi. "Àbúrò, ṣé bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ náà nìyẹn?"

Mo wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti dáhùn, ọ̀rọ̀ náà á di òótọ́ nílé àti níta.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tàntí," mo ní.

Kò sunkún. Ó kàn ń ṣí ìdè báàgì yẹn, ó ń tì í, ó ń ṣí i, ó ń tì í, títí mo fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

A jọ wọ takisí lọ sí Marcory. Ọ̀gá mi wà ní àgbàlá, ó ń bomi rin àwọn òdòdó ìyàwó rẹ̀. Ó rí wa bí a ṣe jọ ń wọlé bọ̀, ó sì gbé korobá sílẹ̀.

"Ẹ ti bá ara yín sọ̀rọ̀," ó ní. Kò bínú. Ó fa àga fún wa. "Mo ti mọ̀. Ó ti pẹ́."

Ó ní òun ti lọ rí dókítà, wọ́n fún òun ní oògùn tí wọ́n ń kán símú, kò ṣe nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni òórùn ayé ń lọ, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń dín ohùn rédíò kù nínú yàrá kejì, títí ọjọ́ kan tó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan mọ́. Kò fẹ́ kí Tàntí banú jẹ́ ni kò ṣe sọ ọ́. Mo bi í bó ṣe wá ń darí táǹkì láti ìgbà náà, nítorí pé yàtọ̀ sí ọjọ́ kan yẹn, kò ṣì í rí.

"Ojú yín," ó ní.

Kò yé mi.

"Ojú yín ni mò ń wò. Bí ẹ bá gun òkè dé, tí ọtí bá wà, imú yín á sún kì díẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀. Mo fi ojú yín ń gbọ́ òórùn. Ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn mi lẹ wà."

Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Mo ti ń bá a gbé ẹrù láti ìgbà tí mi ò mọ̀, mo rò pé òun ló ń gbé mi. Mo ronú kan gbogbo àárọ̀ tí mo ti gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú oorun lójú, tàbí tí mò ń ronú nǹkan mìíràn, tí ọkùnrin yẹn sì ń wo ojú mi bí ẹni ń ka ìwé, tí búrẹ́dì ìlú ńlá kan rọ̀ mọ́ bí imú mi ṣe sún kì. Omi bọ́ lójú mi. Òun ló wá ń bẹ̀ mí.

Mo ní kó jẹ́ ká sọ fún olùdarí ilé iṣẹ́. Ó ní a máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n dúró ná. Olùdarí wa ti kìlọ̀ pé bí táǹkì bá ń bàjẹ́, wọn ò ní tọ́ ìwúkàrà mọ́. Wọ́n á máa ra ìwúkàrà gbígbẹ láti òkè òkun, wọ́n á kàn máa dì í, ìdajì wa ni yóò sì padà sílé. "Bí mo bá lọ lónìí," ó ní, "ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́ ọ. Bí ara yín ò bá yá ńkọ́?"

Bó ṣe sọ gbogbo ibẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òṣìṣẹ́ gun òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kí wọ́n gbọ́ òórùn páìpù, á bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbọ́. Wọ́n rò pé ó ń dán wọn wò ni, wọn ò mọ̀ pé òun náà ń dúró de ìdáhùn. Bí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni, tí ẹlòmíràn sọ pé ìyẹ̀fun ni, á ní kí wọ́n jọ padà lọ gbọ́ ọ títí wọ́n á fi fẹnu kò. Nígbà tó fi máa di àsìkò ọyẹ́, ó tó ènìyàn méje tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà náà ló wá lọ bá olùdarí fúnra rẹ̀, ó sì sọ ohun tó ṣe é. Olùdarí wò ó títí. Ó ní kó dúró sẹ́nu iṣẹ́, kó máa kọ́ àwọn tó kù. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ọ̀gá mi tó gun àtẹ̀gùn sókè láìtẹ orí ba sí páìpù. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ara táǹkì tó gbóná.

Orí fífọ́ ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ojú tí kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ìyẹn ló sì gbé wa dé ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní òdìkejì ọ̀sà. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Dókítà fi hàn wá: kókó kan ti ń hù lẹ́yìn egungun iwájú orí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá, láìpariwo. Àwọn iṣan tó ń gbé òórùn ló kọ́kọ́ tẹ̀ pa. Ó ní irú rẹ̀ ṣeé yọ, kì í ṣe èyí tó burú jù. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un. Tàntí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, a sì ra atiéké àti ẹja yíyan lọ́nà, a jẹ ẹ́ nínú takisí.

Ìdìbò ló dé. Ìwọ náà wà ní Abidjan nígbà náà, mi ò ní láti sọ ọ́ fún ọ. Àwọn ọkùnrin méjì ní àwọn ni ààrẹ, báńkì tì, oògùn wọ́n, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà kò rí ọ̀nà dé ilé ìwòsàn mọ́, lẹ́yìn náà a gbọ́ pé ó ti kúrò nílùú. Wọ́n dí àwọn afárá. Yopougon di ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè lọ, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ wa pa. Bí ìbọn bá ti dákẹ́ díẹ̀, màá fẹsẹ̀ rìn gba ojúlé sójúlé láti Remblais lọ sí Marcory, kí n lọ jókòó tì í. Nígbà yẹn, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú tán. Á gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, á sì béèrè ohun kan náà kí n tó jókòó.

"Táǹkì ńkọ́?"

"Wọ́n ti dúró, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ wọn."

Á mi orí. "Wọn ò ní kú kíákíá," ó wí lọ́jọ́ kan. "Bí ebi bá pa wọ́n, wọ́n á sùn. Ẹ má banú jẹ́."

Ìgbà tí wọ́n ṣí afárá, a gbé e lọ. Dókítà mìíràn tí a bá níbẹ̀ ní kókó náà ti tóbi jù, ó ti dé ibi tí kò yẹ kó dé, àmọ́ òun á gbìyànjú. Ó gbìyànjú. Ọ̀gá mi kò jí. Mo ti bínú sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí ikú yẹn, sí àwọn ọkùnrin méjì tó ń jà, sí àwọn tó dí afárá, sí dókítà tó sá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ì bá sá bí mo bá wà ní ipò rẹ̀. Ìbínú náà ti rọlẹ̀ báyìí. Ìbànújẹ́ ló kù, ó sì ti mọ ilé dé ọ̀dọ̀ mi.

Wọ́n tún ilé iṣẹ́ náà ṣí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Àwọn tí ọ̀gá mi kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ táǹkì àkọ́kọ́, mo sì wà níbẹ̀ títí mo fi padà sílé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an, ọjọ́ ìsìnkú ló ṣẹlẹ̀.

A ti sin ín tán, àwọn èrò ti ń lọ. Èmi, Tàntí àti ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sẹ́yìn takisí, ọmọ náà wà láàárín wa. Ó ti di ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà náà, Faransé ló pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń wo iwájú. Ó ní láti kékeré òun, bí bàbá òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, á fa orí òun mọ́ra, á ki imú bọ inú irun òun, á fà á símú, á wá sọ irú ọjọ́ tí òun lò: pé lónìí òun ń rùn bí oòrùn, pé lónìí òun ń rùn bí ìwé tuntun.

"Kò fi ọjọ́ kan fò ó," ó sọ fún mi. "Jusqu'à la fin, títí dé òpin. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí kò ríran mọ́, ó ṣì fà mí mọ́ra. Ó ní mò ń rùn bí òjò. C'était vrai, òótọ́ ni, òjò ti pa mí lọ́nà."

Mo gbójú sókè, ojú èmi àti ìyá rẹ̀ ṣe mẹ́rin lórí orí ọmọ náà. Irun rẹ̀ á ti tutù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni bàbá rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Àwa méjèèjì mọ iye ọdún tí òórùn kankan kò ti dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn. Tàntí fa orí ọmọ rẹ̀ mọ́ra, takisí sì ń lọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Mi ò gbà pé ó ń tan ọmọ náà jẹ. Níbi iṣẹ́, ó sọ òótọ́ fún wa nígbà tó yẹ, nítorí pé iṣẹ́ ni, nítorí pé àwọn ènìyàn máa jẹ búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n nílé, láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, ó ń tẹ orí ba sínú òkùnkùn tí kò ti ń rí nǹkan kan gbà, ó sì ń ti ibẹ̀ mú ẹ̀bùn jáde. Nígbà tí ọjọ́ bá burú fún mi, tí ohun tí mo ní láti fún àwọn ènìyàn mi bá ti tán lọ́wọ́ mi, òun ni mo máa ń rántí. Ohun tó ti sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó sọ nù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.